Èmi Ni Mo Ya Ojú Màmá Onífìlà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ mi, kí n má baà tún rí ọ̀nà sá lọ. Obìnrin arúgbó tí ẹ ń rí lórí fóònù yín, olójú funfun tí èéfín ń jáde láti inú ilà ojú rẹ̀, tí ẹ ń pè ní Aberewa Ojú-Kan, kì í ṣe àjẹ́. Kò pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Sàbírátù ni orúkọ rẹ̀, fìlà ni ó ń hun, ilé kan náà ni a jọ gbé ní Tafo, ní ìlú Kumasi ní Gáná. Èmi Tòyíbàt ọmọ Bákàrè ni mo ya ojú náà, èmi náà ni mo sì kọ ìtàn tí ó tẹ̀lé e. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. N kò lè pọ̀ ọ́ jáde, n kò sì lè gbé e mì. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá ni wọ́n pè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé Màmá ti kú. Láti ìgbà náà, bí mo bá fi oúnjẹ sẹ́nu, ńṣe ni ó ń korò. Bàbá mi bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́, ó ní òkú kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n àwòrán náà kò kú, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ irọ́ mi lọ́jọ́ náà. Yorùbá ni mo fi ń kọ òótọ́ yìí, nítorí òun ni èdè tí èmi àti Màmá fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá àwa tí wọ́n bí sí Kumasi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ gaara.

Nígbà tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, n kò rí ọ̀nà lọ síwájú. Ọdún méjì ni mo fi jókòó sí ìsọ̀ bàbá mi ní ọjà Kejetia, níbi tí ó ti ń ta àgádágodo àti ìdè ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn páálí àgádágodo ni mo máa ń ya àwòrán sí, bàbá mi yóò sì máa sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ má bínú, ọmọ mi ló sọ páálí yín di ìwé." Nígbà tí ó rí i pé àwòrán yíyà kò ní í kúrò lára mi, ó wádìí, wọ́n sì júwe ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan fún un ní Santasi, ní òkè ilé kan tí àwọn káfíńtà ń lo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni ẹ̀kọ́ náà. Ohun méjì ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀: bí a ṣe ń ya àwòrán fún géèmù, àti bí a ṣe ń kọ búlọ́ọ̀gù. Trotro méjì, ọkọ̀ akérò wa, ni mo ń wọ̀ débẹ̀ láràárọ̀, ìdùnnú kò sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Olùkọ́ wa, Sà Godfred, kì í pariwo. Ó kọ́ wa pé kí á kọ́kọ́ ya òjìji ẹni kí á tó ya ẹni náà fúnra rẹ̀, nítorí bí òjìji kò bá sọ ẹni tí ó ni ín, ojú pàápàá kò ní í sọ ọ́. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń mọ orí ènìyàn lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni ń mọ amọ̀, tí a ó fà á, tí a ó tẹ̀ ẹ́, tí a ó wá fi awọ bò ó. Orí àkọ́kọ́ tí mo mọ dà bí ọ̀dùnkún tí ó ní etí. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ẹtì ni olúkúlùkù máa ń kọ ohun tí ó ṣe láàrin ọ̀sẹ̀ sórí búlọ́ọ̀gù rẹ̀, kí àwọn tí ó wà lókèèrè lè mọ̀ wá. Ibẹ̀ ni nǹkan kò ti gún fún mi. Orúkọ ìnagijẹ ni mo ń lò níbẹ̀, nítorí ojú ń tì mí. Ènìyàn méje péré ni ó ń ka tèmi, mẹ́rin nínú wọn sì wà nínú kíláàsì wa.

Yàrá ìkángun nínú ilé wa ni Màmá Onífìlà ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi dóńgóyárò. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá ṣòwò, Kumasi ni wọ́n sì bí i sí. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì bímọ. Fìlà tí àwọn ọkùnrin ń dé lọ kírun ni ó ń fi ọwọ́ hun. Ojú rẹ̀ òsì ti fọ́, awọ funfun ti bò ó, ilà gọ̀mbọ́ sì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí Sà Godfred ní kí olúkúlùkù wá ojú kan tí yóò fi kọ́ṣẹ́, mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà yín." Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ojú arúgbó ṣe? Ṣé àwọn ọmọge ti tán ní Tafo ni?" Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, yóò ti wẹ̀, yóò ti lé tìróò sí ojú méjèèjì, àti èyí tí ó fọ́ pàápàá, yóò wá jókòó sábẹ́ igi náà. Bí ó ṣe ń hun fìlà ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀. "Ṣé o ti dé imú? Imú bàbá mi nìyẹn o, má bà á jẹ́ fún mi." Ó sọ fún mi bí ìjọba ṣe lé àwọn àjòjì kúrò ní Gáná nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí wọ́n ṣe kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí òun kò fojú kàn rí, àti bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń fi Yorùbá òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, òun wá ọ̀nà padà sí Kumasi. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ibi tí wọ́n bá ti dá ohùn ẹsẹ̀ rẹ mọ̀ kí o tó yọjú, ilé rẹ nìyẹn." Nígbà tí mo parí àwòrán náà, mo fi hàn án lórí fóònù. Ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ tí ó ríran. Ó wá ní, "Bí mo ṣe dára tó yìí ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?" Ó gbàdúrà fún mi títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ibẹ̀ ni ǹ bá ti dúró. Ọlọ́run mi, ibẹ̀ ni ǹ bá ti dúró!

Sà Godfred yìn mí nígbà tí ó rí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n géèmù kan wà tí gbogbo wa jọ ń ṣe fún ìparí ẹ̀kọ́, èmi ni wọ́n sì yan ọ̀tá inú rẹ̀ fún, ẹ̀dá tí yóò máa lépa ẹni tí ó bá ń ṣeré náà. Alángbá ńlá kan ni mo ti yà. Sà Godfred wò ó, ó ní, "Tòyíbàt, bí mo bá ti pa kọ̀ǹpútà yìí, mo ti gbàgbé alángbá rẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin ọjọ́sí yẹn, n kò lè gbàgbé ojú rẹ̀." Ohun tí ó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹ̀bi mi lé e lórí. Ó sọ fún wa pẹ̀lú pé ẹgbẹ́ kan tí ó ń ṣe géèmù ní Accra ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa, wọn yóò sì mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wa. Mo rántí ìsọ̀ àgádágodo, ara mi kọ̀ ọ́. Mo lọ gbé ojú Màmá wá. Mo jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú, mo sọ eyín rẹ̀ di ṣóṣóró, mo jẹ́ kí ojú tí ó fọ́ máa tàn bí iná tọ́ọ̀ṣì. Ilà gọ̀mbọ́ rẹ̀, èyí tí àwọn baba wa kọ kí ọmọ má baà sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́, mo là á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń la ẹja, mo sì fi èéfín sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo ń kọrin sábẹ́ ahọ́n ni. Mo sọ ọ́ ní Aberewa Ojú-Kan. Obìnrin arúgbó ni aberewa lédè Twi. Ọjọ́ Ẹtì wá dé, n kò mọ ohun tí n ó kọ sórí búlọ́ọ̀gù. Nínú trotro tí ó ń gbé wa lọ sílé, Efua ọmọ Bantama, ọ̀rẹ́ mi nínú kíláàsì, ní, "Chale, ta ni yóò jókòó ka bí o ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta ya eyín? Sọ fún wọn pé obìnrin náà wà láyé. Sọ pé o mọ̀ ọ́n." Mo ní, "Ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni." Ó ní, "Ṣé wàá dárúkọ rẹ̀ ni? Ìtàn lásán ni." Mo bá kọ ọ́, mo sì fi àwòrán náà sókè rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé obìnrin arúgbó kan tí ó ní ojú kan ṣoṣo ń bẹ nínú ilé kan ní Tafo tí ó máa ń hun fìlà lábẹ́ igi. Mo kọ ọ́ pé bí ó bá ti hun fìlà kékeré fún ọmọ kan, ó ti yan ọmọ náà nìyẹn, ọmọ náà kò sì ní í rí oṣù tuntun. Mo ní mo ti ka mẹ́ta lójú mi. Irọ́ ni. Ọmọ kan kò kú. Ọ̀rọ̀ fìlà kékeré yẹn gan-an, inú trotro náà ni ó ti wá sí mi lọ́kàn, mo sì rẹ́rìn-ín nítorí pé ó dùn.

Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ti kà á. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, ó ti tó ẹgbàá lọ́nà ogún. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ fi Twi ka ìtàn náà sínú fóònù rẹ̀, ó gé àwòrán náà mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orí WhatsApp kan sí òmíràn. Mo ń wò ó bí ẹni tí ó gbin àgbàdo lánàá tí ó hù lónìí. Àwọn ará Accra dé, wọ́n ní èmi ni àwọn yóò mú, láti ilé ni n ó ti máa ṣiṣẹ́ fún wọn, wọ́n sì gba Aberewa Ojú-Kan sínú géèmù tiwọn. Inú bàbá mi dùn dé ibi pé ó ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá Onífìlà gbọ́, ó hun fìlà funfun kan fún bàbá mi, ó ní kí ó dé e lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí mi. Ẹ̀yin ènìyàn, mo fi ọwọ́ ara mi gba fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láìpẹ́, àwọn ọmọ tí ó máa ń wá gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá bí wọ́n bá ti rí i. Àwọn ọkùnrin tí ó ń ra fìlà kò yà mọ́. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Tòyíbàt, sọ òótọ́ fún mi, ṣé mo ń rùn ni?" Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ọmọdé ni wọ́n." Láràárọ̀ ni mo ń ṣí fóònù pé kí n pa ìtàn náà rẹ́. N ó wo iye àwọn tí ó ti kà á, n ó sì tún pa fóònù dé. Mo ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni. Ọ̀la náà kò dé.

Ní yàrá tí ó kọjú sí tiwa, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Fuseina, pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún méjì, Zàhràh. Ọmọ yìí nìkan ni kò sá fún Màmá, nítorí kò tíì mọ ohun tí fóònù ń sọ, ìyá rẹ̀ náà kò sì tíì gbọ́ ọ. Yóò rìn lọ síbi igi náà, yóò máa fi òwú ṣeré. Màmá hun fìlà kékeré aláwọ̀ ewé kan fún un, ọmọ náà kò sì jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ kúrò lórí òun. Mo rí fìlà náà. Mo rántí ohun tí mo kọ, mo sì wọlé lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni ibà dé sí ọmọ náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Bantama, àwọn dókítà sì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n ibà náà ti gùn ún lórí. Ó kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó yẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ènìyàn kún àgbàlá wa láti kí Fuseina. Kwadwo tí ó ń tún fóònù ṣe níwájú ilé ni ó mú fóònù rẹ̀ wọlé. Ó jẹ́ kí ohùn Twi náà sọ ìtàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níṣojú gbogbo ènìyàn: igi, ojú kan, fìlà kékeré. Fìlà aláwọ̀ ewé náà wà lọ́wọ́ Fuseina, ó ń yí i ká ìka rẹ̀. Kò pariwo rárá. Ó dìde, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìkángun, ó ní, "Màmá, kí ni ọmọ mi ṣe yín?"

Ìgbà náà ni ariwo sọ. Àwọn kan ń ké "Ɔbayifoɔ!", àwọn mìíràn ń ké "Mayya!", Twi àti Hausa ni wọ́n fi ń pè é, àjẹ́ ni méjèèjì. Wọ́n fà á jáde síta pẹ̀lú òwú ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Àlùhájì Yúnúsà, onílé wa, na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n jẹ́ kí arúgbó náà sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n gbé fóònù sí i lójú. Ó ní, "Èyí kọ́ ni ojú mi." Ó tún wò ó, ó sún un mọ́ ojú rẹ̀ tí ó ríran, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe lábẹ́ igi lọ́jọ́sí. Ó ní, "Ẹ dúró. Imú bàbá mi rè é. Ta ló gbé imú bàbá mi sójú iwin?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn ènìyàn kiri, títí ó fi rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ìwọ̀n ayọ̀ tí ó hàn lójú rẹ̀ nígbà tí ó rí mi ni n kò lè gbàgbé. Ó ní, "Tòyíbàt nìyẹn! Ẹ bi Tòyíbàt. Ó yà mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi yà mí níbí yìí. Ó mọ irú ojú tí mo ní. Tòyíbàt, mú tèmi jáde nínú fóònù rẹ, ọmọ mi, fi hàn wọ́n." Gbogbo àgbàlá yíjú sí mi. Fóònù náà wà nínú àpò mi, àwòrán rere náà sì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá mú un jáde, wọn yóò rí i pé ọwọ́ kan náà ni ó ya méjèèjì. Àlùhájì ní, "Ṣé òótọ́ ni, Tòyíbàt?" Mo ní, "N kò yà wọ́n rí." Màmá ní, "Tòyíbàt?" Kò pariwo orúkọ náà, ńṣe ni ó pè é bí ẹni pé mo wà nínú yàrá tí òun kò sì rí mi. Ni mo bá yí èdè padà, mo sá wọnú Twi bí ẹni sá wọnú ilé, mo ní, "Mennim hwee." N kò mọ nǹkan kan. Bàbá mi mọ̀. Lójúmọ́ ni ó ń kọjá lára wa lábẹ́ igi náà. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì wolẹ̀. N kò mọ ẹni tí ó ti Màmá lulẹ̀. Mo kàn gbọ́ bí ó ṣe ṣubú lu àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì, mo sì rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tí ó fi ń hun fìlà, tí ó tẹ̀ síbi tí ọwọ́ kì í tẹ̀ sí.

Àlùhájì Yúnúsà àti àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ni wọ́n yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa á mọ́ sí ilé mìíràn fún ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ní kò lè gbé Kumasi mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń jẹ́ Nàfísàt. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní kí ó máa lọ. Mo dúró lẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí ó ń lọ. Ó sọ fún Àlùhájì pé, "Lọ́jọ́sí, ìjọba ló lé wa. Lónìí, ará ilé mi ni." Kò sunkún. Ní ọjọ́ tí wọ́n fà á jáde náà ni mo ti pa ìtàn náà rẹ́ lórí búlọ́ọ̀gù, ṣùgbọ́n kí ni mo pa rẹ́? Ó ti wà lórí fóònù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ẹni tí ó fi Twi kà á pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó mú un kúrò. Ó fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi. Mo bẹ àwọn ará Accra pé kí wọ́n pa ojú náà dà nínú géèmù wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ ti parí, àwọn sì ti ní in. Mo ké pe Efua. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni tèmi. Ìwọ lo kọ ọ́." Òótọ́ ni. Mo kúrò lọ́dọ̀ àwọn ará Accra, mo padà sí ìsọ̀ bàbá mi, ṣùgbọ́n ẹ má yìn mí fún ìyẹn, nítorí kò dá ohun kan padà. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà Fuseina lẹ́ẹ̀mẹta láti sọ òótọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kí i pé ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ kú ìrọ́jú, tí mo sì padà. Ó kó lọ. N kò mọ ibi tí ó wà báyìí. Fuseina, bí o bá ń gbọ́ èyí, kò sí ẹni tí ó pa ọmọ rẹ. Ibà ni. Ìkórìíra tí mo fi sí ọ lọ́kàn sí obìnrin tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ, èmi ni mo ni ín.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí Màmá lọ ni fóònù bàbá mi dún. Nàfísàt ni, ó ní Màmá fẹ́ bá Tòyíbàt sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sá, bàbá mi sì fi fóònù náà sí mi lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ní, "Tòyíbàt, ṣé ara rẹ le? Má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn dùn ọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà ọ́. Àwọn ènìyàn yẹn ì bá lù ẹ́ mọ́ mi. Mo ti dárí jì ọ́, láti inú ọkọ̀ ni mo ti dárí jì ọ́." Mo gbé fóònù náà wọ yàrá lọ. Ó ní, "Nǹkan kan ló ń rú mi lójú. Àwọn ọmọ ibí yìí náà ní in lórí fóònù wọn. Kí n tó dé ló ti dé. Bí mo bá jáde, wọ́n á máa pè mí ní Aberewa, wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ọwọ́ mi ò hun fìlà mọ́, n ò rí ohun tí n ó fi tu ara mi nínú. Ẹnì kan ló jí àwòrán dáadáa tí o yà fún mi, tó bà á jẹ́. Ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà, ọmọ mi. Bá mi wá onítọ̀hún. N ò ní í bá a jà. Mo kàn fẹ́ bi í ohun tí mo ṣe fún un ni." Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún mi. Obìnrin náà ti dárí jì mí tán. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó kù. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Màá bá yín wá a." Ó súre fún mi. Ó ní Ọlọ́run yóò fi onítọ̀hún hàn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó tún pè lẹ́yìn náà láti bi mí bóyá mo ti rí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sì sọ pé mo ṣì ń wá a. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe sí i, èyí ni ó burú jù lójú mi. Ti àgbàlá yẹn, ẹ̀rù lè jẹ́ àwáwí mi. Èyí, kí ni àwáwí mi? Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Ohùn arúgbó kan ṣoṣo ni ó wà níwájú mi.

Lọ́jọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ikú rẹ̀, mo wọ trotro láti Kejetia. Obìnrin kan jókòó tì mí, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ń fi fóònù rẹ̀ ṣeré lórí itan rẹ̀. Mo wolẹ̀, mo sì rí ojú náà. Ọmọ náà ń fi àtàǹpàkò gbá a, èéfín ń tú jáde láti inú ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò ṣubú, yóò sì tún dìde kí wọ́n lè tún lù ú. Èmi ni mo ya bí ó ṣe ń ṣubú. Èmi ni mo ya bí ó ṣe ń dìde. Mo fẹ́ sọ fún ọmọ náà pé kí ó dáwọ́ dúró, pé màmá ẹnì kan nìyẹn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Ó fẹ́ràn aberewa yìí jù." Mo sọ̀kalẹ̀ láìtíì dé ibi tí mo ń lọ, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ irú iṣẹ́ tí mo kọ́, n kò ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá jókòó fún yín kí ẹ lè ya ojú rẹ̀, ó ti fi ara rẹ̀ sí ìkáwọ́ yín nìyẹn. Ẹ má ta á. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ ìtàn tí ogunlọ́gọ̀ yóò kà, ẹ rántí pé kò sí ẹni tí ó lè lọ gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Nàfísàt, mo mọ̀ pé èyí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹni tí Màmá ní kí n wá, òun ni ó ń kọ̀wé yìí. N kò mọ ẹni tí n ó bẹ̀, nítorí ẹni tí mo ṣẹ̀ ti lọ, ẹlòmíràn kò sì lè bá a dárí ẹ̀ṣẹ̀ náà jì mí. Mo ṣáà bẹ̀ ọ́. Mo bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ní Tafo. Ẹ forí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá sì lè ṣe é, n kò ní í bá yín rojọ́. Ẹ ṣáà jọ̀ọ́, ẹ pa àwòrán náà rẹ́ lórí fóònù yín.